Jíìpù Sọ́jà Jámánì ní Àgbádárìgì: Ohun Tí Ojú Mi Rí Lórí Páàtì àti Àtúnṣe

Ẹ̀yin tí ẹ ń wo jíìpù tí àwọn sọ́jà òkè òkun ti lò rí, tí ọkàn yín sì ń fà sí i, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Mi ò ní kí ẹ má rà á. Èmi ṣì ń wa tèmi, òun náà ló ń gbé oúnjẹ wọlé fún èmi àtàwọn ọmọ mi. Ṣùgbọ́n owó tó bá mi lọ, oorun tí n kò rí sùn, àti gbogbo fà-á-kí-n-fà-á èmi pẹ̀lú àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ kí n tó mọ irú ọkọ̀ tó wà lọ́wọ́ mi, n kò fẹ́ kí ó ṣe ẹlòmíì.

Àgbọn ni mò ń rà tí mò ń tà. Ní Àgbádárìgì, ẹni tó bá ń ra àgbọn lọ́wọ́ àgbẹ̀ kò lè jókòó sétí títì kó máa retí wọn. Inú yanrìn ni igi àgbọn wà, lápá etí òkun lójú ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀, níbi tí dáńfó ti ń rì títí dé ikùn. Tí òjò bá dé, ọ̀nà oko lẹ́yìn Àjárá náà á di ẹrẹ̀. Ọkọ̀ tí mo bá háyà, tó bá ti rì lẹ́ẹ̀kan, awakọ̀ á ní òun kò lọ mọ́. Àgbọn á wà nílẹ̀ níbẹ̀, àwọn oníbàárà mi ní Mile 2 á sì ti rà lọ́dọ̀ ẹlòmíì. Ìdí nìyí tí mo fi wá ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà.

Land Rover àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n kọ́kọ́ mú mi lọ wò. Ọkọ̀ gidi ni, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún ni sítẹrìn rẹ̀ wà. Láti ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972 ni àwa ti fi wíwa ọkọ̀ lápá òsì títì sílẹ̀ ní Nàìjíríà, kò sì yẹ kí ẹ fi owó yín ra ọkọ̀ tí ẹ máa bá àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó jà lé lórí kí ẹ tó rí nọ́ńbà fún un. Ti Jámánì kò ní ìṣòro yẹn. Èyí tí mo rà ni Mercedes 250GD tí àwọn sọ́jà wọn ń pè ní Wolf. Ìlú Graz ní orílẹ̀-èdè Austria ni wọ́n ti tò ó, dísù ló ń mu, onípísítìnì márùn-ún, lítà 2.5. Tí àwọn ológun bá lò ó tán, VEBEG, ilé-iṣẹ́ ìjọba Jámánì tó ń ta ẹrù tí ìjọba kò nílò mọ́, ló ń tà á fún ẹni tí owó rẹ̀ bá ga jù.

Ẹni tó kó tèmi wọlé gba èbúté, ó san owó kọ́sítọ́ọ̀mù, ìwé rẹ̀ pé. Mo ń tẹnu mọ́ èyí nítorí àwa tí a ń gbé nítòsí ẹnubodè. Ìgbà gbogbo lèèyàn ń gbọ́ pé ọkọ̀ kan wà ní Kùtọnu tó pọ́ọ́kú, pé àwọn ọmọ kan á bá ọ gbé e gba inú igbó wọlé. Láti oṣù kìíní ọdún 2017 ni ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de kíkó ọkọ̀ gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé. Jíìpù sọ́jà kì í sì í ṣe Corolla tó lè fara pamọ́ sáàárín ọkọ̀ yòókù. Gbogbo ojú ló ń wò ó.

Àwọ̀ ni mo kọ́kọ́ mú kúrò. Àwọ̀ ewé tó ṣú, búráùn àti dúdú ni wọ́n fi kùn ún. Ẹ̀yin tí ẹ bá ti gba Sẹ̀mẹ̀ dé Agbára rí mọ bí àwọn tó ń dá ọkọ̀ dúró lójú ọ̀nà yẹn ti pọ̀ tó, ọlọ́pàá, kọ́sítọ́ọ̀mù, sọ́jà. Ẹni tí kì í ṣe ológun tó bá wa ọkọ̀ aláwọ̀ ológun kọjá níwájú wọn, ó ń wá ẹjọ́ fún ara rẹ̀ ni. Kí n tó gba nọ́ńbà ni mo ti ní kí wọ́n kùn ún ní funfun. Àmọ́ ẹni tó kùn ún fọ́n ọ̀dà lé èyí tó wà níbẹ̀ láìfi sáńpépà ha á. Ọ̀dà àwọn sọ́jà kì í dán, ó ń mu eruku mọ́ra, nǹkan kì í sì í lẹ̀ mọ́ ọn dáadáa. Òjò àkọ́kọ́ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí funfun yẹn kúrò. Ẹ ha á, ẹ fi páráímà sí i, kí ẹ tó kùn ún. Owó ọ̀dà ẹ̀ẹ̀kejì yẹn ṣì ń dùn mí.

Ohun kan wà tí ì bá dáa ká ní ẹnì kan ti sọ fún mi lọ́jọ́ tí mo gba kọ́kọ́rọ́. Ìdílé mẹ́ta ló pàdé nínú ọkọ̀ yìí. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ ọmọ ìyá ti Bẹ́ńsì V-boot onídísù. Iná rẹ̀ jẹ́ ti tírélà. Ara rẹ̀ àtàwọn ohun tó ń gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló jẹ́ ti sọ́jà lóòótọ́. Ẹni tí kò bá mọ èyí á máa wá bóòtù kékeré dé Jámánì nígbà tó wà ní ọjà Trade Fair l'Ékòó, tàbí kó jẹ́ kí rewáyà inú ọkọ̀ kékeré fọwọ́ kan ohun tó yẹ kó jẹ́ rewáyà onítírélà ló máa fọwọ́ kàn án. Ohun kejì yìí ló ṣẹlẹ̀ sí èmi.

Ọkọ̀ kékeré tí a ń wà nílùú, 12 fóltì ni iná wọn. Ti Wolf jẹ́ 24, bí ti MAN Diesel. Bátìrì méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 12 ni wọ́n so tẹ̀lé ara wọn. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ rewáyà kan pé kó fi rédíò sí i, kó sì ṣe ibi tí màá ti máa fi iná sí fóònù. Ó ṣí ibi tí bátìrì wà, ó rí méjì, ó sì fa wáyà láti orí ọ̀kan ṣoṣo. Rédíò sọ̀rọ̀. Mo sanwó, mo dúpẹ́.

Kò pẹ́ tí ọkọ̀ fi ń lọ́ra láti jí láàárọ̀. Nígbà tó yá, tí mo bá yí kọ́kọ́rọ́, kíkísítátà á kàn ké tà-tà-tà, á dákẹ́. Rewáyà ní bátìrì kan ti kú. Mo ra tuntun, ó fi rọ́pò èyí tó kú. Tuntun náà kú. Lọ́jọ́ kan tí mo ti Mọ́wó dé, mo fúnra mi gbé ọwọ́ lé wọn. Ọ̀kan tutù. Èkejì gbóná débi pé n kò lè jẹ́ kí ọwọ́ mi pẹ́ lórí rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti wú síta, òórùn ásíìdì sì ń ta mí nímú. Ẹ̀rù bà mí gan-an, nítorí àwọn ọmọ tó ń bá mi kó ẹrù máa ń mu sìgá nítòsí ibẹ̀.

Ọmọkùnrin kan tó ń fi MAN kó yanrìn ló là mí lójú. Ó wo wáyà rédíò, ó mi orí. Ó ní, “Màmá, wọn kì í fa iná láti àárín.” Ó ṣàlàyé pé alternator, ẹ̀rọ tó ń fi iná sí bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, kò mọ̀ pé bátìrì méjì ló wà níbẹ̀, àpapọ̀ wọn ló ń kà, ó sì ń gbé iná wọn lọ sí nǹkan bíi 28 fóltì. Tí rédíò bá ń mu lára ọ̀kan, ìyẹn á máa gbẹ, ṣùgbọ́n iná kan náà ni alternator ń tì gba inú àwọn méjèèjì. Èyí tí kò sí ohun tó ń mu lára rẹ̀ ti kún tẹ́lẹ̀, iná tó ń wọlé sí i á máa sè é. Ọ̀kan ń kú fún ebi, èkejì ń kú fún àjẹjù. Ohun tó yẹ kí wọ́n fi sí i ni ẹ̀rọ kékeré kan tó ń sọ 24 di 12, tí àwọn onítírélà ń lò fún rédíò wọn. Ó wà nílẹ̀ káàkiri ibi tí wọ́n ti ń ta páàtì ọkọ̀ ńlá, owó rẹ̀ kò sì tó ìdajì owó bátìrì kan.

Ẹ jọ̀ọ́, tí ọ̀kan nínú bátìrì méjèèjì bá kú, ẹ pààrọ̀ wọn pa pọ̀, kí wọ́n jẹ́ ìwọ̀n kan náà, kí wọ́n sì jẹ́ ẹgbẹ́ ara wọn. Mo mọ̀ pé ó ń dun èèyàn láti yọ bátìrì tó ṣì ń ṣiṣẹ́ sọnù. Ẹ fún ẹni tó ní jẹnẹrétọ̀ tàbí sólà kékeré nílé. Tí ẹ bá fi arúgbó àti ọ̀dọ́ sójú kan náà nínú ọkọ̀ yìí, arúgbó yẹn ló máa fa ọ̀dọ́ lọ.

Kí ọ̀rọ̀ bátìrì tó tán nílẹ̀ ni iná ẹ̀yìn kú. Iná bíréèkì kò tàn, iná tí a fi ń yà kò tàn, hóònù pàápàá dákẹ́. Rewáyà kan náà bẹ̀rẹ̀ sí í gé wáyà. Ó gé tibí, ó so tọ̀hún, ó fi téèpù dúdú wé gbogbo rẹ̀, ọjọ́ sì ń lọ. Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ sọ́jà, tó ń ra àgbọn tútù lọ́wọ́ mi, ló wọlé jókòó síwájú ọkọ̀ náà, ó nawọ́ sí bọ́tìnì ńlá kan lára dáṣíbọ́ọ̀dù, ó yí i. Iná tàn.

Bọ́tìnì yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀ nínú gbogbo ọkọ̀ ológun tí ẹ bá rà. Sọ́jà tó ń rìn lóru kò fẹ́ kí ọ̀tá rí òun, nítorí náà ibì kan wà tí wọ́n ń yí i sí tí iná tí gbogbo ayé ń lò á kú pátá, tí iná fẹ́ẹ́rẹ́ ìfarapamọ́ nìkan á sì kù. Lábẹ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ náà, àgbélébùú funfun kékeré kan wà tí gílóòbù kan ń tàn sí. Àwọn ará àdúgbò ti bi mí léèrè títí bóyá ọkọ̀ ìjọ ni mo rà. Òun ni awakọ̀ tó wà lẹ́yìn ń tẹ̀ lé nínú òkùnkùn nígbà tí gbogbo iná yòókù bá kú. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ mi tó ń kó ẹrù ló ti fọwọ́ yí bọ́tìnì yẹn láìmọ̀. Kò sí ohun tó bà jẹ́ lára wáyà kankan kí rewáyà tó fọwọ́ kàn án. Àtúnso àwọn wáyà tó gé ló wá di iṣẹ́ ńlá. Lẹ́yìn ìgbà náà ni mo ní kí àbúrò mi ọkùnrin tó wà ní Hamburg bá mi wá ìwé tí àwọn ológun Jámánì ṣe fún ọkọ̀ yìí, èyí tí wọ́n ń pè ní TDv. Èdè wọn ni wọ́n fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n àwòrán inú rẹ̀ kò nílò ògbufọ̀, ibi tó bá sì rú mi lójú, àbúrò mi á kà á fún mi lórí fóònù.

Ti ẹ́ńjìnnì ló dùn mí jù, nítorí pé kò sóhun tó ṣe ẹ́ńjìnnì yẹn nígbà tí mo rà á.

Mo gbé e fún mẹkáníìkì kan láti pààrọ̀ ọ́ìlì àti fílítà. Nígbà tí mo padà dé, ó kó nǹkan kékeré kan lé mi lọ́wọ́, irin aláwọ̀ bàbà tó ní sípíríǹgì láàárín, àwo róbótó kan lókè, òmíràn tó kéré jù ú lọ nísàlẹ̀. Thermostat ni. “Màmá, ìlú òtútù ni wọ́n ṣe eléyìí fún. Kí ló fẹ́ ṣe ní Àgbádárìgì? Mo ti yọ ọ́, kí omi lè máa ṣàn fàlàlà.” Ẹ̀yin tí ẹ ní ọkọ̀ á mọ̀ pé kì í ṣe òun nìkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn mẹkáníìkì tó ń yọ ọ́ sọnù ní Èkó kò lóǹkà.

Ẹ wo iṣẹ́ tí àwo méjèèjì yẹn ń ṣe. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù, àwo òkè dí ọ̀nà rédíétọ̀, omi ń gba ọ̀nà kúkúrú kan padà sínú ẹ́ńjìnnì kí ó lè tètè gbóná. Nígbà tó bá gbóná tó, ìda tó wà nínú irin náà á wú, á ti sípíríǹgì, á ṣí ọ̀nà rédíétọ̀, àwo ìsàlẹ̀ á sì lọ dí ọ̀nà kúkúrú yẹn. Tí ẹ bá yọ gbogbo rẹ̀ kúrò, kò sí ohun tó máa dí ọ̀nà kúkúrú yẹn mọ́ láé. Omi tó gbóná á máa yípo nínú ẹ́ńjìnnì, ìwọ̀nba díẹ̀ ló máa dé rédíétọ̀. Lórí títì, ẹ lè má mọ̀. Nínú yanrìn, pẹ̀lú ẹrù, nínú gíà kékeré, ẹ máa mọ̀.

Ibi tí mo ti mọ̀ nìyẹn. A ti di àpò àgbọn kún ẹ̀yìn, oòrùn ọ̀sán ń mú, yanrìn rọ̀, ọwọ́ ìwọ̀n ooru sì bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, ó kọjá 100. Mo pa ẹ́ńjìnnì, mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ohun tí n kò lè gbàgbé ni pé páìpù òkè ń jóni lọ́wọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí mo fọwọ́ kan ìsàlẹ̀ rédíétọ̀, ó kàn lọ́ wọ́ọ́wọ́ ni. Àmì tó yẹ kí ẹ máa wá nìyẹn. Tí ẹ́ńjìnnì bá ń hó tí ìsàlẹ̀ rédíétọ̀ kò gbóná, omi kò dé ibẹ̀. Nígbà tí a fi máa fà á jáde dé ojú títì, èéfín funfun ti ń tú jáde lẹ́yìn rẹ̀, abẹ́ ìdérí ọ́ìlì sì ti funfun bí ẹ̀kọ mímu. Tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì, èyí tó ń dí àárín tọ́ọ̀pù àti búlọ́ọ̀kù ẹ́ńjìnnì, ti jó.

Búlọ́ọ̀kù ẹ́ńjìnnì yìí jẹ́ irin, ṣùgbọ́n alumíníọ̀mù ni tọ́ọ̀pù rẹ̀, alumíníọ̀mù kì í sì í fara da irú ooru bẹ́ẹ̀ kó má wọ́. Wọ́n gbé e lọ sí ibi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ fá a kó lè tẹ́jú. A ra gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun, mẹkáníìkì dì í padà, ọkọ̀ ń ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, omi tún ń dín nínú rédíétọ̀ láìsí ibi tó ń jo. Gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun ti jó.

Mẹkáníìkì mìíràn, bàbá àgbàlagbà kan ní Ìyànà-Ìbà tó ti ń tún Bẹ́ńsì onídísù ṣe láti ìgbà èwe rẹ̀, ló bi mí ní ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni kò bi mí rí: “Ṣé wọ́n wọn bóòtù rẹ̀?” Bóòtù tó di tọ́ọ̀pù mọ́ búlọ́ọ̀kù lára ẹ́ńjìnnì yìí ń nà díẹ̀díẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá dì í. Oríṣi mẹ́ta ni. Nígbà tí wọ́n wà ní tuntun, gígùn wọn jẹ́ mílímítà 80, 102 àti 115. Èyí tó bá ti nà dé 83.6, 105.6 tàbí 118.6, ẹ jù ú nù. Wọn kì í sì í fi agbára apá dì í parí. Tí wọ́n bá ti fi sípánà oníwọ̀n fún un dé ibi tó yẹ, wọ́n á sinmi díẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n á yí i ní ìdá mẹ́rin òbírí, wọ́n á tún yí i ní ìdá mẹ́rin sí i. Bàbá yẹn kó gbogbo bóòtù mi jọ sórí pépà, ó ń fi ìwọ̀n mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń pè é fún mi, mò ń kọ ọ́ sílẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn ti kọjá ààlà. Mẹkáníìkì àkọ́kọ́ ti wí fún mi pé bóòtù kì í bà jẹ́.

Thermostat tí mo ń dààmú pé bóyá Jámánì ni màá ti ra á, ti V-boot onídísù ni. Ilé ìtajà kan ní ASPAMDA, ọjà páàtì tó wà nínú Trade Fair, ni mo ti rí i lọ́jọ́ kan náà. Bàbá náà tún kìlọ̀ fún mi nípa omi. Kànga wa létí ọ̀sà níbí, ọ̀pọ̀ wọn ní iyọ̀ nínú. Omi bẹ́ẹ̀ ń jẹ alumíníọ̀mù láti inú. Kúláǹtì ni mò ń lò báyìí, omi tí mo bá sì fi là á, èyí tí wọ́n ń tà fún bátìrì ni.

Ohun kan ṣì kù nípa ẹ́ńjìnnì yìí tí kò tíì ṣẹlẹ̀ sí mi, tí bàbá náà sì fi hàn mí kó má bàa ṣẹlẹ̀. Páńpù kan wà níwájú rẹ̀ tó ń fa afẹ́fẹ́ fún bíréèkì. Bẹ́rìn-ín inú rẹ̀ lè fọ́ nígbà tó bá gbó, kí àwọn ọmọ irin kéékèèké inú rẹ̀ já bọ́ sórí ṣéènì ẹ́ńjìnnì. Tí èyí bá ṣẹlẹ̀, ẹ́ńjìnnì lọ nìyẹn. Tí ẹ bá ń gbọ́ kẹ̀kẹ̀-kẹ̀ níwájú tí kò sí tẹ́lẹ̀, ẹ má sọ pé dísù ló máa ń pariwo.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ bí mo ṣe ń ra páàtì báyìí, nítorí òun ni àwọn èèyàn ń bi mí jù. N kì í mú fọ́tò nìkan lọ. Páàtì tó bàjẹ́ ni mò ń gbé lọ, mo sì ti nu ibi tí nọ́ńbà rẹ̀ wà kí n tó kúrò nílé. Ti Mercedes ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà A. Tí 602 bá tẹ̀ lé e, ti ẹ́ńjìnnì yìí ni, tí ó bá jẹ́ 460 tàbí 461, ti ara jíìpù náà ni. Ti Bosch ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 0 001 tó bá jẹ́ kíkísítátà, 0 120 tó bá jẹ́ alternator. Lára àwọn mìíràn, ẹ máa rí nọ́ńbà gígùn onídíjíìtì 13. Ti àwọn ológun NATO nìyẹn, tí díjíìtì karùn-ún àti ìkẹfà bá sì jẹ́ 12, Jámánì ló forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀ntàjà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ á gba nọ́ńbà yẹn, á wọlé lọ wá a. Ẹni tó bá sọ pé nọ́ńbà kò ṣe pàtàkì, ẹ kọjá lọ sí ṣọ́ọ̀bù tó kàn.

Ọ̀kan nínú wọn fẹ́ ta kíkísítátà V-boot fún mi. Ó gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí tábìlì, ojú kò lè mọ ìyàtọ̀. “Màmá, ọ̀kan náà ni wọ́n.” Mo ní kó fi pátákó irin kékeré ara rẹ̀ tí wọ́n ń kọ fóltì sí hàn mí. Wọ́n ti fi fáìlì ha á. Mo ní kó gbà á padà. Oní-12 tí ẹ bá fi sórí 24 á yí kíákíá lọ́jọ́ àkọ́kọ́, inú yín á dùn, lẹ́yìn náà á jó. Nígbà tó yá mo gbé ti àtijọ́ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún ti tírélà ṣe ní Agbára, kábọ̀nù inú rẹ̀ nìkan ló ti jẹ tán. Alternator náà, kábọ̀nù àti regulator rẹ̀ ló sábà máa ń kọ́kọ́ lọ. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta odindi fún yín kí ẹ tó ṣí ti ọwọ́ yín wò.

Ní tèmi o, ohun tó bá jẹ́ irin, tòkunbọ̀ ni mò ń rà, nítorí irin tí àwọn ará Jámánì ṣe ní ìgbà náà dáa ju ọ̀pọ̀ tuntun tó ń tàn yanran lọ. Ohun tó bá jẹ́ rọ́bà, tuntun ni. Rọ́bà tòkunbọ̀ ti gbó nínú ṣẹ́ẹ̀fù kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi.

Ti ara sọ́jà, èyí tí kò sí lọ́jà wa, Hamburg ló ti ń wá. Àbúrò mi máa ń kó wọn jọ títí ẹnì kan tó mọ̀ á fi máa di kọ́ńténà, tí ohun kékeré bá sì ni, ẹni tó ń bọ̀ wálé á bá mi mú un sínú báàgì. Ìyẹn ń gba sùúrù. Síìlì ẹsẹ̀ iwájú àti rọ́bà inú sìlíńdà tó ń ti díífù (ẹ̀rọ tó ń pín agbára fún ẹsẹ̀ ọ̀tún àti òsì) pa ni mo máa ń ní kó rà ní méjì-méjì.

Ọ̀rọ̀ títi díífù pa náà ti ná mi lówó. Lífà rẹ̀ wà láàárín ìjókòó, ọ̀kan fún ẹ̀yìn, ọ̀kan fún iwájú. Tí ẹ bá ti méjèèjì, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á máa yí pa pọ̀, kò sí yanrìn tó máa dá a dúró. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wà á jáde láti etí òkun, ó gbàgbé láti yọ ọ́, ó sì wà á lọ lórí títì líle. Lórí títì, tí ọkọ̀ bá ń yà, ẹsẹ̀ tó wà lóde gbọ́dọ̀ sáré ju ti inú lọ. Tí a bá dè wọ́n pọ̀, nǹkan kan gbọ́dọ̀ já. Kùróọ̀sì ló já fún wa, ká sì máa dúpẹ́, torí ì bá jẹ́ ṣáfùtì inú. Mo ti fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ lífà náà: YỌ Ọ́ KÍ O TÓ DÓJÚ TÍTÌ.

Omi iyọ̀ kì í yára bí ìyẹn, ṣùgbọ́n kì í sinmi. Wọ́n ṣe Wolf láti la omi tó jìn dé 60 sẹ̀ǹtímítà kọjá, àwọn ọmọ sì gbà pé omi kò lè ṣe é ní nǹkan kan. Nígbà tí omi ọ̀sà bo ọ̀nà, a là á kọjá lọ-bọ̀, a sì ń yangàn. Ọ́ìlì tí a wá tú jáde nínú díífù ẹ̀yìn ti dà bí wàrà. Díífù tó ti gbóná lójú ìrìn, tó bá wọnú omi tútù lójijì, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á súnkì, á sì fa omi wọlé gba ibi tí síìlì ti gbó tàbí gba ibi tó fi ń mí tó bá ti dí. Nísinsìnyí, ìgbàkígbà tí a bá wọ omi, ọ́ìlì díífù là ń kọ́kọ́ wò lọ́jọ́ kejì, a sì ń fọ abẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú omi tí kò níyọ̀, títí dé inú dúrọ́ọ̀mù bíréèkì ẹ̀yìn tí yanrìn máa ń kó sí. Tó bá gbẹ, a ó fọ́n ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì àlòkù sí ara ṣásì àti inú rẹ̀, níbi tí ojú kò dé. Páìpù bíréèkì ni kí ẹ yẹra fún, kí ọ́ìlì má kan rọ́bà rẹ̀. Ti irin tó bá a wá ti dípẹtà lápá òsì, mo sì ti ní kí wọ́n fi èyí tó jẹ́ bàbà rọ́pò gbogbo rẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn, torí bíréèkì kì í ṣe ohun tí èèyàn ń tún ṣe ní ìdajì.

Síìlì ẹsẹ̀ iwájú lápá ọ̀tún ló ń jo lọ́wọ́ báyìí. Àbúrò mi ti rà á, ó ń dúró de ẹni tó ń bọ̀ wálé. Kó tó dé, mò ń yẹ ọ́ìlì ibẹ̀ wò kí a tó kúrò nílé, mo sì ti sọ fún àwọn ọmọ pé tí ọ̀sà bá bo ọ̀nà, kí wọ́n fi àgbọn sílẹ̀ sọ́hùn-ún, kí wọ́n padà wálé.